Àrọ̀ Tó Yá Ìpẹ́ Wọ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é? Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn. Èyí tí wọ́n sọ fún yín, irọ́ ni. Ẹja ló fà á.

Obìnrin kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tó ń jẹ́ Ìbídùn, ọmọ apẹja. Ó fẹ́ Náftálì, Júù tó ń ta aṣọ, ó sì gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ìkòkò ẹran lọ́tọ̀, ìkòkò wàrà lọ́tọ̀, àní ṣíbí wọn kò gbọdọ̀ fara kanra. Òfin ẹja nìkan ni wọn kò tíì sọ fún un. Nígbà tí àjọ Ìrékọjá kù sí dẹ̀dẹ̀, ó gbá ilé títí kò fi ku èérún búrẹ́dì kan, ó sì gbé gbogbo ìyẹ̀fun àlìkámà fún Ṣìkírátù aládùúgbò rẹ̀, nítorí ohun tó lè wú kò gbọdọ̀ sí nílé Júù lásìkò náà.

Màmá Rèbékà, ìyá ọkọ rẹ̀, ló ń bọ̀ láti Èkó. Màmá ti gbé Èkó pẹ́ débi pé Yorùbá ló fi ń bú èèyàn. Ó ti ránṣẹ́ ṣáájú pé: "Bí ọmọ apẹja yìí bá ṣe oúnjẹ àjọ láìṣe èèwọ̀, ilé ìdáná di tirẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, èmi ni n ó máa se oúnjẹ ọmọ mi títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé."

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá kì í fi ata sọ́bẹ̀. Ẹ wo ewu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ àjọ, Náftálì yọjú sí ilé ìdáná, ó rí àrọ̀ ńlá kan nínú ọpọ́n.

"Ìbídùn, ìpẹ́ ẹja yìí dà?"

"Olówó orí mi, àrọ̀ kì í ní ìpẹ́. Ohun tó jẹ́ kó dùn nìyẹn."

"Ẹja tí kò bá ní ìpẹ́, àwa kì í jẹ ẹ́. Wá òmíràn. Mò ń lọ pàdé Màmá ní èbúté."

Ọjà sì ti tú. Ìbídùn káwọ́ lérí. Ibẹ̀ ni Ṣìkírátù bá a.

"Ṣé ìpẹ́ nìkan ni wọ́n ń bèèrè?" ni Ṣìkírátù wí. "Ìpẹ́ èpìyà tí mo ha láàárọ̀ kún ẹ̀yìnkùlé mi."

"Kí ni n ó fi lẹ̀ ẹ́?"

"Ìyẹ̀fun tí o gbé fún mi ńkọ́? Ká fi omi gbígbóná pò ó, á lẹ̀ bí àtè."

Wọ́n fi ọmọ odó gbá àrọ̀ lórí, ó dákẹ́. Wọ́n lẹ ìpẹ́ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí ọmọge tó wọ ìlẹ̀kẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ nìkan ló fẹ́ tú u fó. Ṣìkírátù fi abẹ fá a.

Màmá àti Náftálì dé. Màmá kò tilẹ̀ jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú ọpọ́n.

"Ẹja wo rèé?"

"Ẹja Ẹ̀pẹ́ ni, Màmá."

"Ìpẹ́ rẹ̀ mà pọ̀ o."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àrọ̀, ẹ mọ̀ pé kì í tètè kú. Bí Màmá ṣe fọwọ́ kàn án ló jí. Ó gbọnra, ìpẹ́ fọ́n ká sójú Màmá, sí gèlè, sí ètè. Àrọ̀ fò jáde, ó gba gọ́tà lọ sínú ọ̀sà, níhòòhò bí wọ́n ṣe bí i.

Màmá lá ètè rẹ̀.

"Ìyẹ̀fun," ló wí jẹ́jẹ́. "Náftálì, láti ayé Mósè, kò sẹ́ni tó tíì kó èèwọ̀ tó báyìí jọ sára ẹja kan."

Ìbídùn kúnlẹ̀. Ó mọ̀ pé ata ti ń bọ́ lọ́wọ́ òun.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló jẹ ẹja náà?"

"Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́."

"Ta ló sè é?"

Màmá wo ààrò. Wọn kò tilẹ̀ tíì dá iná.

"Kò sẹ́ni tó sè é."

"Baálé kì í jẹ ẹ́, ìyáálé ò sì sè é. Èwo wá lẹ̀ṣẹ̀ mi?"

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Bàbá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ túmọ̀ ìwé Òfin, kò rojọ́ tó báyìí rí. Gba ilé ìdáná rẹ. Ṣùgbọ́n fọ̀ ọ́ látòkè délẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀."

"Kí lẹ ó wá jẹ, Màmá?"

"Ẹyin."

"Ṣé kí n fi ata sí i?"

"Díẹ̀."

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ọgbọ́n ló jẹ́ kí ìyáálé náà má sè é, tàbí ìbẹ̀rù ọkọ, ẹ ní mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹja ni kò dúró. Ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é.