Àpá Ikùn Mi àti Inú Rírun Bùsọ́lá

Ọjọ́ kan wà tí ò kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó máa lọ. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ apẹ́ńdíìsì fún mi rí, láti ìgbà náà ni mo sì ti sọ ara mi di dókítà. Bí inú bá ń run ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì wa l'Óṣogbo, màá ká ẹ̀wù sókè kó lè wo àpá mi.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, Bùsọ́lá ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tó dé lọ́jọ́ tó ṣáájú láti hóstẹ́ẹ̀lì iléèwé rẹ̀ n'Íléṣà, di ikùn mú lápá ọ̀tún, ó ń sunkún. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Mo ní, "Apẹ́ńdíìsì ni!" Mo gbé e sí mọ́tò, mo sì pe ìyá ìyàwó mi ní Ìfẹ̀wàrà pé wọ́n fẹ́ la ọmọ wa níkùn. Ìyá kó ẹgbẹ́ àdúrà wọn, ó di inú bọ́ọ̀sì.

Dókítà tí a bá nílé ìwòsàn jẹ́ ọmọbìnrin kan tí mo lè bí. Ó bi Bùsọ́lá bóyá ó ń wúkọ́, bóyá ìtọ̀ ń ta á, ìgbà tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Èmi ni mò ń dáhùn! Nígbà tó dórí ìgbẹ́, inú bí mi, mo ká ẹ̀wù sókè.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo ikùn yín. Ohun tó ń mú inú ọmọdé run báyìí pọ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni apẹ́ńdíìsì. Ẹ dúró níta díẹ̀."

Mo jáde, mò ń sọ fún gbogbo ẹni tó jókòó níta pé ọmọbìnrin yìí fẹ́ pa ọmọ mi. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ Bùsọ́lá wò, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀. Ìgbẹ́ tó ti lé lọ́sẹ̀ kan ló gan mọ́ ọn nínú. Wọ́n fún un lóògùn, ó sáré lọ sílé ìgbẹ́, ó padà dé, ó ní ebi ń pa òun.

Ìgbà náà ni ìyá ìyàwó mi wọlé pẹ̀lú ẹgbẹ́ àdúrà. "Kí ni wọ́n yọ?"

"Ìgbẹ́ ni, mà."

Ìyá yíjú sí Bùsọ́lá. "Kí ló dé tí o ò yàgbẹ́?"

"Màmá, ilé ìgbẹ́ hóstẹ́ẹ̀lì wa ò ṣeé wọ̀. Ìdin ń rìn lára ògiri."

"Áà! Ṣé ìjọba kì í rán èèyàn wá wò ó ni?"

Ojú tì mí. Èmi ni ìjọba rán; iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ iléèwé wò. Lóṣù tó ṣáájú, wọ́n gbé iyán àti ẹran ìgbẹ́ síwájú mi ní ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé náà, mo sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ilé ìgbẹ́ wọn dára. Mi ò dìde lórí àga.

Mo ti kọ́gbọ́n pé kí n béèrè, kí n sì fojú ara mi rí i, kí n tó sọ̀rọ̀. Bí mo bá dé iléèwé kan báyìí, ilé ìgbẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Wọ́n máa ń rò pé inú ló ń run mí. Màá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò ká ẹ̀wù sókè mọ́.