Sàká Rẹ Plọ́ọ̀gì Sómi

Tó bá jẹ́ ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́lé ni, Sàká ì bá ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yí gbogbo Kokomlemle ní ìlú Accra ká. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí kò mọ̀, lẹ́nu. Ẹ dárúkọ káfíńtà, á ní òun lòun kọ́ ọ̀gá ẹ̀ níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá dórí Fáòsíà, ọmọ Àlàájì Àmúdà ní àdúgbò Lagos Town, ní Accra níbẹ̀, tí Sàká fẹ́ fi ṣaya. Àlàájì ní, "Ọkùnrin tí ò lè fọwọ́ ara ẹ̀ tún ilé ṣe ò lè fẹ́ ọmọ mi. Ìyá Fáòsíà ra kọ́bọ́ọ̀dù àwo. Wá bá wa gbé e kọ́ ara ògiri. Tó bá dúró, ìwọ náà dúró. Tó bá já..." Àlàájì ò parí ẹ̀.

"Háà, Bàbá! Kọ́bọ́ọ̀dù lásán? Ẹ̀ bá ní kí n gbé fìríìjì kọ́ ọ!"

Ó gba ṣọ́ọ̀bù Ìyá Àwẹ̀ró lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti síkúrúù. Ìyá Àwẹ̀ró kó plọ́ọ̀gì fún un, àwọn ike tín-ín-tìn-ìn-tín. "Inú ihò ògiri lo máa tì í sí. Á wú, á sì di síkúrúù mú. Ohun tó ń mú un wú ni..."

"Ìyá, mo mọ̀ ọ́n! Ẹ má kọ́ ẹyẹ ní fífò."

Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Sàká ní ẹni tí ò mọ̀nà ló ń béèrè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, síkúrúù tó ń wọ inú plọ́ọ̀gì ló ń mú un wú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wú tí Sàká mọ̀ láyé ẹ̀ kò ju ẹ̀wà àti gàrí lọ. Bó ṣe délé àna, ó bu omi gbígbóná sábọ́, ó da plọ́ọ̀gì sí i, ó jókòó tì í.

"Bọ̀ọ̀dá Sàká, kí lẹ̀ ń rẹ?" Fáòsíà ló bi í.

"Iṣẹ́ ọ̀gá ni. Kò lè yé ẹ."

Fáòsíà yọjú wo abọ́. "Ei! Ṣé kí n bá yín mú iyọ̀ wá?"

Plọ́ọ̀gì kọ̀, kò wú. Sàká fi hámà àti ìṣó ńlá lu ihò sára ògiri, ihò fẹ̀ débi pé àtàǹpàkò ẹ̀ wọ ibẹ̀. Plọ́ọ̀gì wọlé, ó tún jáde bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀. Òógùn bo Sàká. Ó yọ́ wọ ilé ìdáná, ó bu gàrí, ó pò ó, ó fi dí ihò pinpin, ó ti plọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́. Gàrí wú, síkúrúù dúró!

Ìyá Fáòsíà to àwo tánńganran ẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àlàájì fọwọ́ tì í, kò mì. "Máṣá Alláàh! Ọkùnrin gidi paa!"

Sàká gbé àyà síta. "Bàbá, ẹ fara rọ̀ mọ́ ọn, kò ní..."

Gbààà!

"Yéè! Àwo mi o!" Ìyá Fáòsíà káwọ́ lérí. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó bá da omi sí plọ́ọ̀gì, àfọ́kù àwo ni yóò tẹ̀.

Àlàájì fìka kan nǹkan funfun tó ń jábọ́ nínú ihò, ó tọ́ ọ wò. "Sàká, ṣé gàrí kọ́ nìyí?"

"Gàrí Ìjẹ̀bú gidi ni, sà."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ la, kó gbé òun mì. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mo fẹ́ràn ọmọ yín dénú."

Àlàájì kọjú sí ọmọ ẹ̀. "Fáòsíà, ṣé o ṣì fẹ́ èyí?"

Fáòsíà ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Mo fẹ́ ẹ, Bàbá. Ṣùgbọ́n sàdáàkì ìgbéyàwó tí mo máa gbà ni hámà ọwọ́ ẹ̀ yẹn. Kó gbé e sílẹ̀ báyìí, kó má sì wá yá a lọ́wọ́ mi láéláé."