Ọkàn Ni, Kì Í Ṣe Ọ̀kan

Alábàárù kan wà tó ń ru sìmẹ́ńtì ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Nígbà tí oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni nílé sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní kó lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí ìyá kan ti ń gbọ́ tẹnu àwọn ọ̀dọ́ tí ayé sú. Ó ti dé ẹnu géètì ibẹ̀ rí, ó sì padà sílé. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì rí i kó tó ráyè padà.

Ọdún díẹ̀ ni ọlọ́dẹ yìí fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n fìlà iṣẹ́ ti sọ ọ́ di àgbà. Kò sí ilẹ̀kùn tí kò mọ̀ nínú ọgbà náà, bẹ́ẹ̀ kò wọ ọ̀kankan rí.

"Kí lo bá wá, àbúrò?"

Alábàárù wo ilẹ̀, ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Nítorí ọkàn ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀kan nínú kí ni? Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú ojú ni, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú etí, yà sọ́wọ́ ọ̀tún."

"Ọkàn mi ni."

"Mo gbọ́, ọ̀kan tìẹ ni. Àbí eyín ni?"

Alábàárù fi ọwọ́ lu àyà rẹ̀. Ọlọ́dẹ mi orí, ó ní òun ti fura tẹ́lẹ̀, pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àwọn tí àyà ń dùn ń lọ. Ó wá béèrè bóyá àyà náà ṣì ń lù.

"Ó ń lù. Kò kàn wù ú láti lù ni."

Ọlọ́dẹ wo inú ọgbà yí ká. Nínú gbogbo ilẹ̀kùn tó mọ̀, kò rí èyí tó bá ìyẹn mu.

"Báwo ló ṣe ń ṣe ọ́ gan-an?"

"Ó wúwo."

"Sìmẹ́ńtì ló kún ìpéǹpéjú rẹ yẹn. O wá fẹ́ kó fúyẹ́ ni?"

"Mo ti sọ sìmẹ́ńtì kalẹ̀ látàná, ẹ̀gbọ́n. Èyí kọ̀, kò sọ̀."

Ni alábàárù bá fa sìgá yọ. Ọlọ́dẹ ní èèwọ̀ ni sìgá lẹ́nu géètì, kó kọjá sí òdìkejì títì. Ó kọjá, ó tan án. Ọlọ́dẹ tẹ̀ lé e, ó ní òun gbọ́dọ̀ mójú tó o. Ó lọ dúró síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ èéfín sí, ó di ojú, ó ń fa imú bí ẹni tí ebi ń pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ń mu ún ni?"

"Mo ti fi í sílẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀." Ó la ojú kan. "Fífi í sílẹ̀ ò le. Kò sí ọjọ́ tí n kì í fi í sílẹ̀."

Alábàárù ní tòun yàtọ̀. Níbi iṣẹ́ àwọn, ẹni tó bá jókòó lásán, ọ̀lẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó ti sìgá, wọ́n á ní ẹ jẹ́ kó mu ún tán. Ìsinmi lòun ń wá tóun fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, sìgá fúnra rẹ̀ ò jẹ́ kóun sinmi mọ́. Ìrònú tóun bá sì fi èéfín lé jáde, á padà wọlé, á tún mú àbúrò rẹ̀ dání.

Ọlọ́dẹ sún mọ́ ọn. Ó béèrè irú oògùn tí ìyá yẹn ń fúnni. Alábàárù ní òun gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ni.

"Ọ̀rọ̀? Ṣé omi ni wọ́n fi ń lò ó?"

"Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́."

"Á sọ ọ́ tán, á wá rí oorun sùn?" Ọlọ́dẹ gbójú sókè. "Kì í ṣe fún èmi o. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun béèrè."

"Kí ló ń ṣe ọ̀rẹ́ yín?"

Ọlọ́dẹ ní ọ̀rẹ́ òun kì í sùn, àní lọ́jọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Láàárọ̀, á wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, á jókòó ti èkejì títí, á gbàgbé ibi tó ń lọ. Báwọn èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín, á bá wọn rín in, á sì rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó gbẹ́ kòtò. Alábàárù wo ẹsẹ̀ ọlọ́dẹ. Okùn bàtà kan ṣoṣo ló so.

"Ẹ wọlé, ẹ lọ bá ọ̀rẹ́ yín béèrè. Màá bá yín dúró ti géètì."

Inú alábàárù dùn sí i, nítorí ó ti rí ẹni tó máa wọlé dípò òun. Ọlọ́dẹ ṣí fìlà, ó fi dé e lórí, ó lọ. Alábàárù kọjá padà sẹ́nu géètì.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan tó pọn ọmọ fi dé, ó ní etí ló ń dun ọmọ òun. Alábàárù tún ohùn ṣe, ó na ọwọ́, ó ní bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú etí ni, kó yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Obìnrin náà dúpẹ́, ó pè é ní ọ̀gá. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ló rí i pé sìgá ọwọ́ òun ti kú, kò sì tíì sọ sí òun lọ́kàn láti tan òmíràn.

Nígbà tí ọlọ́dẹ máa jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní òun ro gbogbo ẹjọ́ ọ̀rẹ́ òun, òun ò fi ti bàtà sílẹ̀. Ìyá náà gbọ́ ọ títí, kò já lu ọ̀rọ̀ òun.

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n ní kí n lọ mú ọ̀rẹ́ mi wá." Ọlọ́dẹ gba fìlà rẹ̀, kò dé e. "Mo ronú láti yàrá yẹn títí dé ibí. Yàtọ̀ sí ìwọ, mi ò rí ẹnì kankan."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì mọ orúkọ mi."

"Wọ́n á bi ọ́ tá a bá débẹ̀, èmi náà á gbọ́."

Alábàárù wo ọ̀nà ilé, ó wá àwáwí tó kù nílẹ̀. "Bí àwa méjèèjì bá wọlé, ta ni yóò ṣọ́ géètì?"

Ọlọ́dẹ gbá a lápá mú. "Irin ni géètì, nǹkan kan ò ṣe é. Jẹ́ kó ṣọ́ ara rẹ̀."