Bí Tíṣà Sàláúdéènì Ṣe Wọn Ooru Ìbàdàn

Bí ẹ bá fún Sàláúdéènì ará Bẹyẹrúnká ní abẹ́rẹ́ kan, kí ó tó rìn dé Ọjà'ba, abẹ́rẹ́ yẹn yóò ti di ọkọ̀ ojú irin lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má rò pé mo ń bà á lórúkọ jẹ́ o. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn yìí, ó sì ní bí mo bá fẹ́ tún un sọ, kí n má bu iyọ̀ kún un, nítorí iyọ̀ tó wà níbẹ̀ ti tó.

Ọdún 1958 ni. Ìjọba ti ní kí gbogbo ọmọ máa kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, tíṣà sì wọ́n bí ojú. Ìyẹn ni wọ́n ṣe gba Sàláúdéènì sí ilé-ìwé kan ní Bẹẹrẹ láìjẹ́ pé ó fojú kan kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà rí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀hún ló wá ń wá lójú méjèèjì. Àyè ẹnì kan péré ló sì yọ lọ́dún yẹn, Adéyẹ́misí tí wọ́n jọ jẹ́ tíṣà náà ń fẹ́ ẹ.

Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Olúwọlé, pín iṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. Adéyẹ́misí yóò máa wọn òjò, Sàláúdéènì yóò wọn ooru ní ibi márùn-ún láàárín ìlú. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, ìsípẹ́kítọ̀ ilé-ìwé yóò ti ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi wá wo iṣẹ́ wọn, òun ni yóò sì mú ẹni tó ń lọ.

Ọ̀gá fa tẹmómítà lé Sàláúdéènì lọ́wọ́, ọ̀pá díńgí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mọ bí ibì kan ṣe gbóná tó. Ó ní, "Ẹ so ó rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó kà á."

Sàláúdéènì rẹ́rìn-ín. "Sà, ṣé èmi lẹ ń kọ́ ní ooru? Ṣebí ilé wa ní Bẹyẹrúnká ni ooru ń sùn."

Ṣùgbọ́n ta ni yóò so nǹkan ìjọba rọ̀ ní Bẹẹrẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún? Bí olè kò bá gbé e, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Èyí tó tún wá burú jù ni pé bó bá so ó mọ́ igi, báwo ni àwọn èèyàn yóò ṣe mọ̀ pé tòun ni? Ni tíṣà wa bá ti ìdí tẹmómítà bọ abẹ́ fìlà abetí ajá rẹ̀, ó ki í mọ́ irun, ó jẹ́ kí ìyókù yọ síta kó máa dán. Ó gba Mápó lọ, ó ń rọra rìn kí gbogbo ayé lè rí i.

Àwọn èèyàn ń bi í pé, "Tíṣà, kí lẹ fi sórí yìí?"

Á ní, "Ìjọba ló ní kí n wá yẹ oòrùn wò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, tíṣà kì í sì í wà ní Mápó kí oòrùn máa ṣe bó ti wù ú."

Ó dé orí òkè Mápó tí atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Ó fa tẹmómítà yọ, ó wò ó fìrí, ó kọ ọ́ sílẹ̀: márùndínlọ́gọ́rùn-ún ní ìwọ̀n Farẹnháìtì tí wọ́n ń lò nígbà náà. Ó dá a padà sábẹ́ fìlà. Ó dé Ọjà'ba lọ́sàn-án gangan, márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó dé ìdí igi ní Bẹẹrẹ, níbi tí àwọn àgbà ti ń tòògbé, márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹlòmíràn ì bá fura. Inú tíṣà tiwa dùn ni. Ó ní òun ti rí ohun tí òyìnbó kò rí: ooru kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Ìbàdàn, ìbòòji kàn ń tan èèyàn jẹ ni.

Ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ Baba Màmúdù, alágbẹ̀dẹ agboolé wọn. Baba ń fẹ́ná lọ́wọ́.

"Sàláù," ni Baba wí, "ka ti ibí fún mi."

Ó yọ ọ́, ó kà á. "Márùndínlọ́gọ́rùn-ún, Baba. Bákan náà ló rí lábẹ́ igi. Ẹ̀rọ òyìnbó kì í purọ́."

"Ó dáa. Fa àpótí yẹn, kí o jókòó tì mí kí n fi parí ọkọ́ méjì. Ṣebí abẹ́ igi lo wà."

Èrò ti pé lé wọn lórí, kò sí bí ó ṣe lè kọ̀. Ó jókòó. Kí ọkọ́ kìíní tó parí, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nígbà tó di ti ìkejì, omi ń kán tó tó láti àgbọ̀n rẹ̀.

Baba bi í pé, "Kí ló ń ṣàn lójú ẹ yẹn?"

"Ayọ̀ iṣẹ́ mi ni, Baba."

Nígbà tó délé, odindi kèrègbè omi ló mu. Ara rẹ̀ ti sọ òótọ́ fún un o, ṣùgbọ́n ìwé ló gbà gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ó wọn ti ojú pápá ilé-ìwé láti fi pé márùn-ún, iye kan náà ló sì kọ.

Ó di ọjọ́ Jímọ̀. Ìsípẹ́kítọ̀ dé, obìnrin ni, Ìyáàfin Bertha ni wọ́n ń pè é. Ó wo ìwé Adéyẹ́misí, ó mi orí. Ó ṣí ti Sàláúdéènì, ó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Tíṣà, bí ẹ bá ń rìn, níbo lẹ ń fi tẹmómítà sí?"

"Abẹ́ fìlà mi ni, mà. Ibẹ̀ ló láàbò jù."

"Bí ẹ bá sì ti yọ ọ́?"

"Mo ń kà á lójú ẹsẹ̀ ni, mà. N kì í fi iṣẹ́ ìjọba falẹ̀."

 Obìnrin náà gba tẹmómítà, ó so ó mọ́ ẹ̀ka igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi, ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Sàláúdéènì ní ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn gùn ju ọdún mẹ́ta tí òun ti ń ṣe tíṣà lọ. Nígbà tí wọ́n kà á, mọ́kànlélọ́gọ́rin ló fi hàn. Wọ́n gbé e lọ sójú oòrùn, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló yọjú lójú fèrèsé. Ẹni tó bá fi ìgbéraga síwájú, ilẹ̀ gbígbóná ni yóò tẹ̀.

Sàláúdéènì ṣí fìlà lórí. Àyè kọ́lẹ́ẹ̀jì di ti Adéyẹ́misí lójú rẹ̀ báyìí.

Ìyáàfin Bertha fa gègé yọ. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má banú jẹ́ jù. Ìwé méjì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ń bèèrè, ti sáyẹ́ǹsì àti ti ìlera. Ti sáyẹ́ǹsì kò bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín fọwọ́ sí ti ìlera: ẹ ti wọn orí ara yín lẹ́ẹ̀marùn-ún káàkiri Ìbàdàn, ẹ kò sì ní ibà rárá."