Àpárẹ́yì Onísùúrù

Kò sí ohun tí Damien oníṣẹ́ fọ́tò ẹ̀bá ọjà Pobè kò mọ̀. Bí ẹ bá rò pé ọ̀kan wà, ẹ bi í léèrè, òun fúnra rẹ̀ yóò sọ fún yín pé kò sí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Mọ́rúfù aláṣọ, tí gbogbo Sakété ń pè ní Bàbá Taofik, bọ́ sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di àpárẹ́yì ìyafọ́tò kékeré kan mú, ó fi tòsì di ìnujú mọ́ ẹnu. Ìnujú náà kì í ṣe ti ọ̀fìnkìn o. Eyín iwájú méjì ni kò sí lẹ́nu bàbá, bẹ́ẹ̀ Sàdíyà, opó arẹwà kan ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti ọdún iléyá, ti ní òun gbọ́dọ̀ rí fọ́tò rẹ̀ kí òun tó gbà láti fẹ́ ẹ.

"Ẹ káàsán, Bàbá Taofik. Ẹ jókòó. Kí ló ṣe yín lẹ́nu?"

"Ẹnu kẹ̀? Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ ẹnu? Atẹ́gùn ọ̀kadà sẹ́mì tí mo gùn wá ni. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo bá wá."

"Ẹ fẹ́ ya fọ́tò?"

"Mo ní àpárẹ́yì tèmi. Òun ni kò fẹ́ yà mí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù yòvó, àlòkù òyìnbó, ni mo ti rà á. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́."

Damien gbà á, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu. Gbogbo rẹ̀ kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ kan lọ.

"Há! Alápò ni èyí, irú tí wọ́n ń fi sápò. Mo mọ̀ ọ́n délé-dóko. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Kútọnu, irú rẹ̀ la fi ń ṣeré."

"Ìwọ lo fi ṣeré. Èmi ni ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní mọ́ṣálásí ní Jímọ̀ọ̀ tó kọjá, inú àpò ni mo fi í sí. Bí a ṣe forí kanlẹ̀ báyìí, ó jí, ó dún fín-ìn, ó sì na imú jáde lára agbádá mi bí ìgbín. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi kó orí rẹ̀ lọ sí ìlà sàfù mìíràn."

"Lẹ́ǹsì nìyẹn, Bàbá. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò fi fóònù ya ara yín?"

"Sàdíyà ní fọ́tò fóònù ń parọ́. Ọkùnrin kan fi ránṣẹ́ sí i rí, ojú ń dán, ara ń yọ̀. Ìgbà tí ọkùnrin náà dé, ó dà bí bàbá ẹni tó wà nínú fọ́tò. Ó ní àpárẹ́yì gidi, orí pépà gidi, ni òun fẹ́."

"Sàdíyà wo?"

"Mo ní Sàdíyà? Sàráà ni mo wí."

Damien fa ojú ro. "Sàráà ló ní fọ́tò fóònù ń parọ́?"

"Damien, jẹ́ ká ya fọ́tò."

"Dakọ́ọ̀, mo gbà. Káàtì mémúwá rẹ̀ ńkọ́?"

"Kí lo mú wá?"

"Èmi kọ́. Mémúwá."

"Èmi ni mo mú un wá. Òun lo gbé dání yẹn."

"Àpárẹ́yì lẹ mú wá. Káàtì ni mo ń bèèrè, káàtì tí fọ́tò ń sùn sí."

"Ẹ̀n, káàtì! Mo mú wá." Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ agbádá, ó yọ nǹkan kan jáde, ó nà án sí i.

"Bàbá, káàtì ìdìbò nìyí."

"Ṣé fọ́tò mi kò sí lórí rẹ̀ ni? Ibẹ̀ ni ó ń sùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti yà á. Kò jí rí."

Damien ṣí ikùn àpárẹ́yì, ó yọjú síbẹ̀, ó tún un dé.

"Káàtì wà nínú rẹ̀ o."

"Ṣé o rí i? Láti ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti ń wí pé mo mú un wá."

"Kò burú. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kí ló máa ń ṣe?"

"Kì í ṣe nǹkan kan. Ó kàn máa ń kọ ọ́ sójú pé kí n ní sùúrù."

"Ó ń kọ sùúrù?"

"Sùúrù gbọnrangandan! Ilé kéwú ni mo lọ, mi ò lọ sílé ìwé Faransé, ṣùgbọ́n mo dá ẹ̀sì mọ̀, mo dá ú mọ̀. Ó dá mi lójú pé ọmọ Ànàgó kan wà lára àwọn tó ṣe é."

Ẹlòmíràn ì bá wo ojú àpárẹ́yì náà wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ ohun gbogbo tán, kí ló tún kù tí yóò wò? Damien mi orí bí àgbà ìjọ.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àwọn tuntun wọ̀nyí, gbogbo èdè ni wọ́n ń gbọ́. Ìmọ́lẹ̀ ló ń retí. Ẹ ní sùúrù fún un."

"Mo kúkú ní i! Mo gbé e lé orí aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó níwájú rẹ̀ láti ìrun àsárì. Mo pa ẹnu mọ́, mi ò mira, mo ní sùúrù títí oorun fi gbé mi lọ. Ìgbà tí mo jí, ó ti ya fọ́tò."

"Ẹ ò rí i! Ó yà yín."

"Ewúrẹ́ Ìyá Màrúfátù tó múlé tì mí ló yà. Ó wọlé wá jẹ etí aṣọ mi, ó gbé orí sókè, ó fi gbogbo eyín hàn, àpárẹ́yì sì yà á kedere. Damien, sọ òótọ́ fún mi. Kí ni ewúrẹ́ fi sàn jù mí lọ?"

"Bóyá ó ní sùúrù jù yín lọ."

Damien gbé àga síwájú aṣọ ńlá tí wọ́n kun ọkọ̀ òfurufú sí, ó fi bàbá jókòó sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ó mú ìnujú kúrò. Bàbá mú un kúrò, ó sì fún ètè pọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu àgbo kíkorò.

"Ó dára," ni Damien wí, ó di ojú kan. "Súùmù."

Bàbá sún àga síwájú.

"Ẹ má mira, Bàbá. Mo ní súùmù."

Bàbá tún sún un. "Mo ti sún mọ́."

"Ẹ̀yin kọ́! Àpárẹ́yì ló ń súùmù."

"Kí òun sún mọ́ mi, kí èmi sún mọ́ ọn. Ọ̀nà àárín la ó ti pàdé."

Nígbà tí Damien yóò fi la ojú, irùngbọ̀n bàbá ti wà lára lẹ́ǹsì. Ó fi sùúrù dá a padà sábẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbá a nídìí, ó tún tẹ̀ ẹ́. Àpárẹ́yì kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ìgbà náà ni ó tó wá wo ojú rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì ń mì bó ti ń kà á.

"Bàbá Taofik! Kì í ṣe sùúrù! Súrírì ni!"

"Kí lèmi náà wí?"

"Súrírì! Faransé ni. Ẹ̀rín! Ó ní kí ẹ rẹ́rìn-ín. Bí kò bá rí eyín yín, kò ní yà yín láéláé!"

Bàbá dìde lórí àga. "Eyín?"

"Eyín."

"Àpárẹ́yì wo ló ń wo eyín ènìyàn? Ṣé ẹṣin ni mo fẹ́ tà fún un ni?"

"Ẹ̀rín díẹ̀, Bàbá. Ẹ ṣáà ṣe bí ewúrẹ́ yẹn ti ṣe."

"Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ń ṣọ̀fọ̀."

"Ta ló kú?"

"Ẹnì kan ò ní pẹ́ kú níhìn-ín tí o kò bá pa súrírì yẹn!"

"Ìyẹn ò ṣòro. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Mẹ́nù la ó kọ́kọ́ ṣí."

Bàbá gbá ìnujú bo ẹnu. "Ẹnu ta ni?"

"Mẹ́nù."

"Mú ẹnu ta ni? Damien, mo kìlọ̀ fún ọ o! Má fọwọ́ kan ẹnu mi!"

"Mẹ́nù àpárẹ́yì ni, Bàbá! Inú mẹ́nù ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà."

"Inú gbogbo ẹnu lọ̀rọ̀ ń wà. Fi tèmi sílẹ̀ ní pípadé."

Damien bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ òkè, ó tẹ ìsàlẹ̀, ó ń fọn féré lẹ́nu bí ẹni tí ọ̀nà yé. Lójijì, féré náà dákẹ́.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Kí ló wá dé tí o ń làágùn?"

"Ó ti di Lárúbáwá."

"Gbé e wá!" ni Bàbá Taofik wí, ara rẹ̀ le koko, torí ọ̀rọ̀ ti dé ilé baba rẹ̀. Ó nà án jìnnà sójú, ó tún ohùn ṣe, ó sì fi ohùn dídùn kà á láti ọ̀tún dé òsì, ó fa ibi tó yẹ kó fà, ó já ibi tó yẹ kó já. Damien tẹ́tí sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Kí ni ó wí, Bàbá?"

"Mi ò mọ̀. Kíkà ni wọ́n kọ́ mi. Wọn ò tíì dé ibi ìtumọ̀ kí bàbá mi tó mú mi lọ sóko." Ó dá àpárẹ́yì padà fún un.

Damien wo àpárẹ́yì, ó wo bàbá. Ẹ̀kọ́ Kátólíìkì tí wọ́n fi tọ́ ọ kò sì pèsè fún irú ọjọ́ yìí.

"Àmín," ló wí.

Ẹ̀rín bú lẹ́nu bàbá. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o, ẹ̀rín àrìntàkìtì ni, tó ń gbé èjìká, tó ń gbọn agbádá. Ó gbàgbé ètè, ó gbàgbé ìnujú, ó gbàgbé Sàdíyà. Ká-ṣà! ni àpárẹ́yì wí ní ọwọ́ Damien.

Damien tẹjú mọ́ fọ́tò náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

"Bàbá Taofik, ta ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀?"

Ìtìjú bo bàbá. Ó jókòó gbì sórí àga. "Èkùrọ́ ni."

"Èkùrọ́ kẹ̀?"

"Mo sọ fún Sàdíyà lórí fóònù pé eyín mi le tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń pa èkùrọ́. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Mùsùlùmí òdodo ni mí, mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi jẹ́ irọ́. Mo ní kí n pa ẹyọ kan."

"Èkùrọ́ náà ńkọ́?"

"Ó wà ní odidi."

Ẹ̀rín gbé Damien dé ọ̀nà ọ̀fun, ṣùgbọ́n àánú ṣe é, ó gbé e mì. "Ṣé ẹ ò kàn lè sọ fún un pé èjí lẹ ní? Ẹwà kúkú ni èjí."

"Wò ó dáadáa, Damien. Ṣé èjí nìyí? Ẹnubodè ni! Ọkọ̀ ẹrù á gba ibẹ̀ wọ Nàìjíríà." Ohùn bàbá rẹlẹ̀. "Láti ìgbà tí ìyá Taofik ti kú, kò sí ẹni tó ń bi mí pé, ṣé o ti jẹun, àfi Sàdíyà. Alaalẹ́ ló ń bi mí. Mo fẹ́ ẹ, Damien. Bó bá rí àlàfo yìí, irọ́ ni yóò rí, kò ní rí mi."

Damien fi ọwọ́ gbá àgbọ̀n, ó ń wo yíká ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí abọ́ gàrí tó ń jẹ kí bàbá tó dé, pẹ̀lú èéfọ́ àgbọn funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo àgbọn. Ó wo ẹnu bàbá. Ó tún wo àgbọn.

"Má wulẹ̀ fi lọ̀ mí, mo ti jẹun."

"Ẹ la ẹnu, Bàbá."

Ó mú ọ̀bẹ, ó gé àgbọn náà, ó fá a, ó wọ̀n ọ́n, ó tún fá a, ó sì tì í bọ àlàfo náà. Ó bọ́ síbẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i.

"Ẹ rẹ́rìn-ín."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ká-ṣà! Lójú ẹsẹ̀ ni àpárẹ́yì yà á, kò fi falẹ̀ rárá. Wọ́n forí kanra wò ó. Ọkùnrin tó wà nínú fọ́tò náà lè pa èkùrọ́ jẹ ní àárọ̀ àti ní alẹ́.

"Ó dùn àbí kò dùn?"

"Ó dùn. Ó kàn ń yọ omi díẹ̀díẹ̀."

"Fọ́tò ni mo ń bi yín, Bàbá!"

"Fọ́tò náà dùn."

Fóònù dún lápò bàbá. Ó wo orúkọ tó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ tàn, ó fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Sàdíyà mi... Mo wà ní Pobè, nítorí fọ́tò rẹ náà ni... Eyín? Ó wà o! Gbogbo rẹ̀ ló pé. Ó tilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ nǹkan kan, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó wá gbọ́ òmíràn, ó sì dákẹ́ lójijì, nǹkan kan rọra sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé fóònù kúrò létí.

"Kí ló wí, Bàbá?"

"Ó ní kí n má fi fọ́tò ránṣẹ́ mọ́."

"Ó ti kọ̀?"

"Ó ti gbà. Ó ní ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ dùn báyìí létí, òun kò ní fi pépà dá a lẹ́jọ́. Ó ń bọ̀ ní Sakété lọ́la, òun fúnra rẹ̀. Ó ní òun ń gbé àgbàdo yíyan bọ̀, kí àwa méjèèjì jọ jẹ ẹ́."

"Ọlọ́run dára! Ẹ jẹ́ kí n tún eyín yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ẹ tó máa lọ. Ẹ la ẹnu." Bàbá la ẹnu. Damien yọjú síbẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Eyín dà?"

"Ibi tó ti ní òun ń bọ̀ ni mo ti gbé e mì."

"Kò burú, Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sáré wọ ọjà, kí n ra ẹyọ àgbọn kan wá."

Bàbá dì í lápá mú.

"Ẹyọ kan kẹ̀? Ìyàwó ni mo fẹ́ fẹ́, Damien, kì í ṣe fọ́tò. Igi rẹ̀ ni kí o bá mi rà."