Ààbọ̀ Ẹsẹ̀, Ààbọ̀ Orí

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Tíṣà tó ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbàlagbà ní ṣọ́ọ̀ṣì jókòó sórí àga onígbàjámọ̀, aṣọ funfun yí i lọ́rùn ká. Ní aago mẹ́wàá, àwọn alàgbà ìjọ yóò dán an wò, bóyá òun ló yẹ kí wọ́n fi ṣe olórí gbogbo kíláàsì. Onígbàjámọ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀, ń fi kílípà gẹ apá òsì orí rẹ̀.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa bi mí," Tíṣà wí. "Kí la fi ń mọ ẹ̀kọ́ tó yè kooro? Kókó méjìlá ni mo ti há sórí."

"Ẹ há a sápá ọ̀tún, Tíṣà. Apá òsì ni mo ń gẹ̀ lọ́wọ́."

"Ṣe kíá. Dírẹ́bà ṣọ́ọ̀ṣì ti ń dúró dè mí níta."

"Mo gbọ́ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń wúkọ́ kó tó dúró."

"Gbọ́ kókó kìíní. Ẹ̀kọ́ tó yè kooro ni ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé, ní ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àti ní ti ìgbẹ̀yìn rẹ̀, àti ní ti ohun tó wà láàárín méjèèjì..."

Kílípà ké tín-ín-rín, ó dákẹ́.

"Àfi bíi pé kókó yẹn ló pa á," onígbàjámọ̀ wí.

"Kí ló ṣe é?"

"Kò síná nínú ẹ̀ mọ́. Àwọn oníná náà sì ti mú tiwọn lọ láti ìdájí."

"O ò gba iná sí i lánàá ni?"

"Iná wà lánàá títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ti mú wáyà rẹ̀ lọ́wọ́, kí n tì í bọ ògiri báyìí, ni ohùn yín dún létí mi."

"Ohùn mi kẹ̀?"

Onígbàjámọ̀ fa ìwé nótì kan yọ lẹ́yìn dígí, ó tọ́ ìka lá, ó ṣí i. "Ọ̀sẹ̀ kìíní. Tíṣà ní: Jésù ti ní ká má ṣàníyàn nípa ọ̀la. Ẹni tó bá ń gba iná pa mọ́, tó bá ń rọ epo pa mọ́ nítorí ọ̀la, kò nígbàgbọ́. Mo fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì."

"Àpèjúwe lásán ni yẹn."

"Ẹ ò sọ pé lásán ni. Ẹ lu tábìlì."

Tíṣà wo dígí. Apá òsì orí rẹ̀ mọ́ bí àgbàlá tí ìyàwó tuntun gbá. Apá ọ̀tún ṣù bí igbó.

"Ó dáa. Fi sísọ́ọ̀sì parí ẹ̀."

"Sísọ́ọ̀sì wà lọ́dọ̀ télọ̀ tó kọjú sí wa. Ọ̀sẹ̀ kejì: ẹni tó bá ní méjì, kó fún ẹni tí kò ní lọ́kan. Mo ní kílípà, mo ní sísọ́ọ̀sì. Méjì nìyẹn."

"Télọ̀ ni kò ní sísọ́ọ̀sì?"

"Ó ní mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kì í wá sí kíláàsì wa, kò mọ̀ pé ó yẹ kóun kọ̀ ọ́."

"Sáré lọ yá a lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ kẹta," onígbàjámọ̀ ṣíwèé. "Ẹ má jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ohunkóhun. Tíṣà ní yíyá àdá, yíyá iyọ̀, gbèsè ni gbogbo rẹ̀."

"Ẹsẹ̀ yẹn ò parí síbẹ̀. Ó ní àfi ká fẹ́ràn ara wa. Gbèsè ìfẹ́ wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀?"

"Nínú ẹsẹ̀ kan náà."

"Ẹ ti pa Ìwé dé kẹ́ ẹ tó débẹ̀, Tíṣà. Ebi ń pa yín lọ́jọ́ náà."

Tíṣà wo aago ara ògiri. Mẹ́sàn-án ti kọjá ogún ìṣẹ́jú.

"Fìlà ńkọ́? Ó lè bò ó."

"Alàgbà wo ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ dé fìlà wọlé àdúrà?"

"Abẹ ńkọ́? O ò lè ní o ò lábẹ."

"Abẹ wà, tuntun ni. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní, kò tó méjì tí mo fi máa fúnni lọ́kan."

"Fi fá gbogbo ẹ̀ kodoro. Orí tó pá ò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Onígbàjámọ̀ tú abẹ nínú bébà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú un, ó ki ọwọ́ òsì bọ àpò ṣòkòtò, ó wá dúró.

"Kí lò ń dúró wò?"

"Ẹni tó bá fẹ́ fárí, ọwọ́ kan ló máa fi na awọ orí, ọwọ́ kejì ló máa fi fá a. Ọ̀sẹ̀ kẹrin..."

"Má kà á."

"...ọwọ́ òsì kò gbọdọ̀ mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Ẹ rí òwú tó wà létí ọkùnrin tó jáde bẹ́ ẹ ṣe ń wọlé?"

"Mo rí i."

"Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ṣe é."

Tíṣà fò dìde, aṣọ funfun ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀. Ó fa Bíbélì yọ nínú àpò rẹ̀, ó fi onígbàjámọ̀ jókòó sórí àga, ó ṣí Ìwé náà sí i lórí itan.

"Ka ohun tó wà lókè ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì yẹn."

Onígbàjámọ̀ kà á jẹ́ẹ́jẹ́. "Ìtọrẹ ni wọ́n ń sọ. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ orí. Kò sí abẹ níbẹ̀ rárá."

"O rí i? Wọ́n ní tá a bá ta tálákà lọ́rẹ, ká má fi fọ́nnu. Wo ìsàlẹ̀ ná, ibi tí wọ́n ti ń sọ ti ọ̀la. Kí ló ṣáájú rẹ̀?"

"Ká kọ́kọ́ wá ìjọba Ọlọ́run."

"Jésù yìí kan náà ló sì sọ níbòmíì pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ á kọ́kọ́ jókòó, á ṣírò ohun tó máa ná an. Àníyàn ló ní ká má ṣe. Kò ní ká má ronú."

"Ẹ̀kọ́ yìí dùn gan-an. Ta ló kọ́ yín?"

Tíṣà tún ojú ìwé náà wò. "Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni."

"Ìwé yìí ò ta ko ara ẹ̀ nígbà náà."

"Kò ta ko ara ẹ̀."

"Ẹnì kan wá ń ta kò ó o, Tíṣà."

Wọ́n jọ wo dígí. Onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀ lódindi. Tíṣà wà níbẹ̀ láàbọ̀.

"Ààbọ̀ ẹsẹ̀ ni mo ń kọ́ yín," Tíṣà wí.

"Èmi náà gẹ ààbọ̀ orí. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹnì kejì jẹ."

"Dìde kí n jókòó. Yọ ọwọ́ òsì yẹn nínú àpò."

"Ṣé ọwọ́ ọ̀tún ò ní bínú?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n má mọra wọn. Mo bẹ àwọn méjèèjì."

Onígbàjámọ̀ po ọṣẹ, ó fi ra á lórí, ó na awọ, ó ń fá a lọ. Ẹ̀jẹ̀ kò kán.

"Kókó méjìlá yẹn ńkọ́, Tíṣà?"

"O ti fá wọn dànù. Mẹ́ta ló kù. Ká ka ọ̀rọ̀ dé òkè, ká kà á dé ìsàlẹ̀. Ká wò ó bóyá Jésù tó sọ̀rọ̀ níhìn-ín bá Jésù tó sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún mu. Ká wá wo ohun tó ṣe fún ẹni tó gbà á gbọ́, bóyá ìfẹ́ ló bí, àbí etí ló gé."

Onígbàjámọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó kọ ọ́ sínú nótì. "Ṣé kí n fàlà sí i nídìí?"

"Má tíì fàlà. Lọ kà á wò fúnra ẹ ná."

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́wàá lù. Orí Tíṣà ń dán. Ó wo dígí lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé kóòtù rẹ̀ wọ̀, ó gbá Bíbélì mọ́yà.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọkọ̀ máa fi gbé mi débẹ̀. Bá mi sọ fún dírẹ́bà kó ṣáná sí i."

Onígbàjámọ̀ kò mira. Ó ń wo ìta láti ẹnu ọ̀nà. Dírẹ́bà fẹ̀yìn ti ọkọ̀ ní tirẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ń ka ìwé nótì kan.

"Tíṣà, ẹ bọ́ kóòtù yẹn, kẹ́ ẹ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò yín sókè, ká jọ máa ti ọkọ̀ náà lọ, kò rọ epo pa mọ́ lánàá. Orí bẹ́ǹṣì kan náà lèmi àti dírẹ́bà ń jókòó sí ní kíláàsì, nótì tiẹ̀ sì kún ju tèmi lọ."