Ìdí Tí Ìyàwó Mi Fi Wọ Ọkọ̀ Bọ́dé

Ọjọ́ tí mo lé ìyàwó ara mi láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, ṣùgbọ́n ní gáréèjì wa l'Àkúrẹ́, kò sí awakọ̀ tó mọ ọ̀nà Oǹdó bí èmi, kò sì sí ọkọ̀ tó mọ́ tó tèmi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń fọ̀ ọ́. Màá nu abẹ́ ìjókòó, màá kun táyà títí yóò fi máa dán. Tí ẹ́ńjìnnì bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Èmi fúnra mi ńkọ́? Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ gidi, ìgbà wo ló fẹ́ wẹ̀? Ṣẹ́ẹ̀tì kan náà ni mò ń wọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Eyín kan ti jẹrà lẹ́nu mi, tábà ni mò ń kì sí i kó má baà dùn mí. Ìyàwó mi, Màmá Tóyìn, sọ̀rọ̀ eyín yìí títí ó fi kó lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Ó ní ooru ló ń mú òun. Mo gbà á gbọ́.

Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó ń jókòó níwájú lọ́dọ̀ mi mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iwájú ni gbogbo èrò ń sáré sí. Nínú ọkọ̀ tèmi, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fún ara wọn mọ́ bí iṣu inú àpò. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ Bọ́dé, wọ́n ń jà sí iwájú. Bọ́dé yìí, awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá, ọkọ̀ rẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́, okùn ló fi so ilẹ̀kùn kan. Àfi ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀, àti lọ́fínńdà tó ń fín kiri. Mò ń jowú rẹ̀. Mo ní ó dájú, Bọ́dé ti fi oògùn sí ìjókòó mi. Mo pààrọ̀ fóòmù, mo ran aṣọ tuntun sí i. Wọn ò jókòó. Mo bu òróró àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo dà á síbẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni obìnrin kan tó ń kánjú jókòó síbẹ̀, òróró sì gba gbogbo ìdí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Èébú tó bú mi, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

Ó di ọjọ́ ọjà Oǹdó kan, mo gbójú sókè, mo rí ìyàwó mi tó jókòó síwájú nínú ọkọ̀ Bọ́dé, tòun ti agbọ̀n ẹja gbígbẹ tó ń tà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó sọ fún mi láàárọ̀ pé òun ò ní wọ ọkọ̀ mi, kí àyè lè gba èrò.

Èrò kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn mi, bàbá kan tó ń lọ sí Bọ́lọ́rundúró, lójú ọ̀nà Oǹdó. Mi ò dúró de èyí tó kù, mo tẹ iná mọ́ ọkọ̀, mo tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí a dé Bọ́lọ́rundúró, bàbá ní, "Awakọ̀, ó wà o."

Mo tún tẹ iná mọ́ ọkọ̀.

"Ó wà o. Ṣé etí rẹ di ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ìyàwó mi ló wà nínú ọkọ̀ iwájú yẹn."

"Àbí èmi ni mo bá ọ fẹ́ ẹ?"

Bí mo ṣe gbé bàbá dé Oǹdó nìyẹn. Ní gáréèjì, mo di ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì Bọ́dé mú, mo ní kí ló fún ìyàwó mi jẹ. Bọ́dé yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fọwọ́ bo imú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ ká tó jà."

Ìyàwó mi sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀. Kò pariwo. "Bàbá Tóyìn, ẹja ni mò ń tà. Tí èmi bá sọ pé nǹkan ń rùn, ó yẹ kí ẹ gbọ́."

"Kí ló ń rùn?"

"Ẹ̀yin ni."

"Láti Àkúrẹ́ ni mo ti yọ orí síta ní fèrèsé," ni bàbá Bọ́lọ́rundúró fi kún un. "Mo rò pé ẹran kan ló kú sí bùútù."

Mò ń wá ẹni tí màá gbá létí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ti pọ̀ jù. Ìyàwó mi fà mí lọ sílé ìyá rẹ̀ tó wà nítòsí. Lójú ọ̀nà ni mo rọra bi í bóyá ohun tó fi kó kúrò ní yàrá mi nìyẹn.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wú, mo ní ká lọ yọ eyín, ẹ ní táyà lẹ fẹ́ rà. Ẹ ń wẹ̀ fún ọkọ̀, ẹ ń bá a sọ̀rọ̀. Ìyálé mi ni ọkọ̀ yẹn. Èmi ò lè máa wo ọkọ mi kó máa jẹrà níṣojú mi."

Èmi tí mò ń jowú Bọ́dé, mi ò mọ̀ pé ẹlòmíì ń jowú nínú ilé mi. Ìyá ìyàwó mi gbé omi ìwẹ̀ fún mi. Ó kàn ń padà wá lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni: "Ọkọ ọmọ mi, ṣé kí n tún fa omi sí i?" Ó fà á títí ojú fi tì mí.

Mo wọ bùbá bàbá ìyàwó mi jáde, a padà sí gáréèjì, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ fún Màmá Tóyìn. Ó kọjá lára mi, ó wọ ẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná," ló wí. Bàbá Bọ́lọ́rundúró, tó ń dúró kí n gbé òun padà, ló jókòó síwájú, ó sì sùn lé mi léjìká.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà fẹ́ ìtọ́jú, ẹni tó bá pa ara rẹ̀ tì, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló ń jìyà ẹ̀. Wọ́n ti yọ eyín yẹn. Mò ń wẹ̀ láàárọ̀, mò ń wẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò sì sí awakọ̀ tó mọ́ tó mi ní gbogbo Àkúrẹ́ báyìí. Màmá Tóyìn ti padà sí yàrá mi. Ṣùgbọ́n títí dòní, kó tó sún fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ́kọ́ máa ń gbóòórùn ọrùn mi bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì na ọrùn sí i.